Ìyá Olóòyà: Ìgbésí Ayé Màmá Wa Tó Dá Ìdíje Ẹwà Irun Àdámọ́ni Sílẹ̀

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ bá wa pé jọ lónìí, ẹ kú ìdúró tì wá. Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ fún yín nípa ẹni tí a wá sin.

Nínú yàrá méjì kan lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n ti ń la gẹdú ni wọ́n ti bí Màmá wa, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1946. Káfíńtà ni bàbá wọn, alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Àwọn méjèèjì ti sùn nínú Olúwa. Màmá ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún, irun ni wọ́n sì gbé wáyé. Ìyá-ìyá wọn, tó ń dirun fún gbogbo àdúgbò, a máa sọ pé òun ò rí ọmọ oṣù kan tí òòyà há sí nínú irun rẹ̀ rí, àfi èyí.

Ní ọdún 1952, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Orí wọn pé, pàápàá nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa ń sọ jù nípa ilé-ìwé ni òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1958, tí ọ̀gá ilé-ìwé pè wọ́n síwájú gbogbo ọmọ tó tò sórí ìlà. Ó ní, “Igbó kì í wọ kíláàsì mi.” Ó fi sísọ́ọ̀sì gé irun náà jákujàku. Màmá ò sunkún níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n délé ni wọ́n rì sáàárín àwọn aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tí ìyá wọn fẹ́ lọ̀, wọ́n sì sunkún débi pé ìyá wọn ní láti tún aṣọ náà fọ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣetán ní ilé-ìwé ní 1962, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ irun lọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àǹtí Oníná, nítorí òòyà irin kì í kúrò lórí sítóòfù rẹ̀. Iṣẹ́ ìgbà náà ni kí irun tó ká jọ ó di èyí tó nà gbọọrọ. Ọwọ́ Màmá yá, ó sì rọ̀. Kí ọdún karùn-ún tó pé, àwọn oníbàárà ti ń sọ fún Àǹtí Oníná pé, “Ẹ má bínú, ọmọ yẹn ni mo fẹ́ kó ṣe tèmi.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Ìyá Olóòyà, nígbà tí wọn ò tíì bí ọmọ kankan.

Ní ọdún 1969, wọ́n fẹ́ bàbá wa, alátùn-ún-ṣe aago. Aago ògiri Àǹtí Oníná ló fà á. Bàbá wá tún un ṣe, ó sì tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan. Lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ méjì ni Bàbá tó jẹ́wọ́ pé òun ni òun ń tú ìdè kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbàkúùgbà tí òun bá ń lọ. Màmá dáhùn pé, “Mo mọ̀. Ẹ rò pé afọ́jú ni mí?”

Ọdún 1971 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́: dígí méjì, àga mẹ́ta, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan tí bàbá Màmá, káfíńtà nì, kàn fún wọn. Àwa ọmọ wọn dàgbà sórí bẹ́ǹṣì yẹn. A ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí rẹ̀, a sùn lórí rẹ̀, a sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà tí kò yẹ kí ọmọdé gbọ́. Bí a bá dijú títí dòní, òórùn òróró àti irun jíjó á kún imú wa, a ó sì gbọ́ ohùn Màmá: “Ẹ tẹ orí sílẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1984, Màmá fúnra wọn ló ní kí a má fò ó nínú ìtàn yìí. Òòyà irin ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà. Ìpara tó ń na irun ló gbòde. Àbíkẹ́yìn wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì fẹ́ ya fọ́tò ní ilé-ìwé wọn lọ́jọ́ kejì. Màmá fi ìpara náà sí i lórí. Oníbàárà kan wọlé, ọ̀rọ̀ sì dùn. Ọmọ ní, “Màmá, ó ń ta mí.” Wọ́n ní, “Fara dà á díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ́wà a máa fara da nǹkan.” Ìgbà tí wọ́n fi máa da omi sí i, awọ orí ti bó lápá òsì, lókè ẹ̀bátí. Egbò náà jinná. Irun ibẹ̀ kò hù mọ́ títí dòní.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá kó gbogbo ike ìpara inú ṣọ́ọ̀bù dànù, wọ́n sì kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn pé: A KÌ Í NA IRUN NÍBÍ MỌ́. Àwọn oníbàárà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé Màmá nìkan ló máa ń jókòó síwájú dígí méjèèjì. Bàbá kò dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ní, “Aago tó bá dúró, a kì í lù ú. Ṣíṣí là ń ṣí i wò.”

Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn kò ṣí orí mọ́. Ìborùn aláwọ̀ búlúù kan ló fi ń wé e, nínú ilé, lójú oorun, ní kíláàsì. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní 1988, Màmá mú un lọ wo ìdíje ẹwà kan. Ọmọbìnrin méjìlá ló jáde, irun àwọn méjèèjìlá ló nà. Bí wọ́n ṣe délé, wọ́n sọ fún Bàbá pé, “Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó jọ ọmọ mi. Màá ṣe tèmi.”

Òfin tiwọn kò ju ẹyọ kan lọ: irun tí Ọlọ́run dá mọ́ ọ ni kí o gbé wá, kò gbọdọ̀ sí ìpara, iná tàbí wíìgì. Màmá lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan nínú ìjọ wa bi wọ́n pé, “Ta ló fẹ́ wá wo irun tó dà bí ìtẹ́ ẹyẹ?” Màmá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyẹ wo lẹ rí tó ń tijú ìtẹ́ rẹ̀?” Ọmọbìnrin méje ló forúkọ sílẹ̀.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni wọ́n lò, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Èrò kún inú, wọ́n kún ojú fèrèsé, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ wọn bá wá. Nígbà tí àwọn ọmọ náà gbọ́ ariwo, mẹ́ta nínú wọn gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sá lọ. Ọmọ oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ jáde, irun rẹ̀ dúró yíká orí bí òṣùpá tó lé. Ẹnì kan pariwo pé, “Ẹ wá òòyà fún un o!” Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà dúró gbagidi láàárín pèpéle. Màmá di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú gírígírí.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni àbíkẹ́yìn jókòó sí, tó ń pín nọ́ńbà. Ó dìde. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó rìn gba àárín èrò kọjá, ó gun pèpéle, ó sì di ọwọ́ ọmọ oníbúrẹ́dì mú. Gbogbo ojú rí àpá náà. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní, “Irun tèmi ò pé. Èmi pé. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in báyìí, ká lè ráyè ṣe ohun tá a bá wá.”

Kò sẹ́ni tó rín in. Obìnrin ìtẹ́ ẹyẹ ìjọsí ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Kó tó di pé ọmọ kẹta jáde, méjì nínú àwọn tó sá lọ ti yọ́ padà wọlé. Ọmọ oníbúrẹ́dì ló gba ipò kìn-ín-ní. Aago ògiri ni Bàbá fi ta á lọ́rẹ, wọ́n sì búra níwájú gbogbo ènìyàn pé ìdè rẹ̀ le dáadáa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá àti àbíkẹ́yìn fẹsẹ̀ rìn wálé, àwọn nìkan. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ lójú ọ̀nà, wọn ò sọ fún wa. Ohun tí a mọ̀ ni pé ojú àwọn méjèèjì pọ́n, inú wọn sì dùn.

Ìgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ìdíje náà wáyé lẹ́yìn ìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù tún kún. Ní 1993, Màmá kó ìyá ogójì lẹ́yìn lọ bá àwọn aláṣẹ ilé-ìwé, wọ́n sì fòpin sí gígé irun ọmọbìnrin níbẹ̀. Nínú ìjọ, wọ́n kọrin ohùn kejì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láìka pé ọ̀gá akọrin bẹ̀ wọ́n léraléra kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Bàbá lọ sinmi ní 2007. Láti ìgbà náà, Màmá ló ń fi kọ́kọ́rọ́ yí aago ilé láràárọ̀.

Ìdíje tó kẹ́yìn, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti wò ó, irun wọn ti funfun báláú. Ọmọdébìnrin kan sún mọ́ wọn, ó ní, “Màmá, ta ló bá yín ṣe irun yín?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọlọ́run ló ṣe é, ọmọ mi. Èmi kàn ń yà á ni.”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2023, Màmá wa sùn, wọn ò jí, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sáyé lọ: nọ́ọ̀sì kan, olùkọ́ kan, ọkùnrin kan ṣoṣo tó jogún iṣẹ́ aago, àti àbíkẹ́yìn tó gba ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ-ọmọ mọ́kànlá wà, ọmọ-ọmọ-ọmọ mẹ́ta wà, àbúrò obìnrin kan sì wà láyé.

Màmá, ẹ sùn re o. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn, kó gbà yín jẹ́jẹ́, bí ọwọ́ yín ti máa ń gba orí ọmọ tí ń sunkún.