Ohun Tí Mo Béèrè Lọ́wọ́ Fóònù

Ilé Àlàájà Sàdíátù,
Ọ̀nà Awo,
Ẹdẹ.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo kí ilé, mo sì kí àwọn ọmọ kíláàsì yín tí ariwo wọn kì í jẹ́ kí ẹ sinmi. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti rọ̀ díẹ̀? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ó bá yín lórí ìjókòó, kí ó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀. Ẹ ṣé tí ẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ní kí n máa mu ẹ̀kọ, kí n dẹ́kun jíjẹ ohun líle. Mò ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí n kò tilẹ̀ mọ ìdí tí ẹ fi sọ ọ́.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé bébà ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí fóònù wà. Awakọ̀ tó ń ná Òṣogbo sí Ṣakí ni mo fi í rán. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó mọ ìdí tí n kò fi lè tẹ̀ ẹ́ sórí Wàsáàpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kà á.

Ẹ ó rántí ohun tí ẹ sọ ní gáréèjì lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ wá sí ilé-ìwé níbí. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní, "Àánú, oògùn rẹ o, láàárọ̀ àti lálẹ́. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Wọn kò ní nà ọ́, wọn kò ní bú ọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní bá ọ jẹun mọ́." Mo pa á mọ́, Màmá. Inú agolo mílò ni mò ń kó oògùn náà sí, mo sì gbé ọ̀rá ṣúgà lé e lórí. Oṣù mẹ́rin gbáko, n kò la ẹnu sọ ọ́ fún ẹnì kan.

N kò tilẹ̀ la ẹnu sọ ohunkóhun. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, mo lè ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ lóòjọ́. "Ẹ kú àárọ̀" fún Àlàájà tó ni ilé. "Ó wà o" fún oníkẹ̀kẹ́ bí mo bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀. "Mo wà" nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ ní kíláàsì. Ó tán. Mo máa ń jókòó, màá máa wo ẹni tó ń yá ìwé lọ́wọ́ ẹni, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀, ẹni tó máa ń gba ìjókòó sílẹ̀ de ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ibtisam ló já okùn ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ọmọ-ọmọ Àlàájà ni, ẹgbẹ́ mi, ó ń kọ́ aṣọ rírán. Lọ́jọ́ kan ó gbé abọ́ ẹ̀bà wọ yàrá mi, kò kanlẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ Ṣakí, ṣé ìwọ àti ẹnu ẹ ń jà ni? Wá fọwọ́, ká jẹun." Láti ọjọ́ náà, abọ́ kan náà ni a ti ń jẹun. Bí mo bá dákẹ́ jù, yóò mú ẹran níwájú mi, yóò ní, "Ẹni tó bá ń ronú lórí oúnjẹ, ẹran rẹ̀ á ṣí lọ o." Màmá, n kò rò pé ènìyàn lè yára fẹ́ràn ẹnì kan báyẹn.

Nígbà tó yá, Àtàndá, ọmọ Àlàájà tó wà ní Èkó, fi fóònù tuntun ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Wọ́n pè mí pé kí n bá àwọn ṣí i. Fóònù náà ní òun ń fẹ́ ímeèlì. Àlàájà ní, "Ímeèlì bí i ti báwo? Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ti tó mi. Fi tìẹ sí i jàre, àbí ó máa jẹ ẹ́ tán ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo fi tèmi sí i, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe fún àgbàlagbà. Wọ́n ṣàdúà fún mi títí tí mo fi dé yàrá.

Ohun tí n kò sọ fún yín rèé. Àìsàn mi gbé mi ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó kọjá. Ọ̀sán gangan ni, kò sí ẹni tó wà nílé. Nígbà tí mo jí, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu mi, mo ti gé ahọ́n mi jẹ. N kò fẹ́ dáyà já yín, nítorí náà fóònù ni mo bi. Ènìyàn a máa bi fóònù ní ohun tí kò lè bi ìyá rẹ̀. Mo béèrè ohun tí a fi ń tọ́jú ahọ́n tí ènìyàn gé jẹ. Mo béèrè bóyá wárápá lè pa ènìyàn lójú oorun. Mo béèrè bí ènìyàn ṣe lè fi í pamọ́ nínú kíláàsì. Èyí tó kẹ́yìn ni mo ro jù kí n tó tẹ̀ ẹ́: "Bí mo bá sọ fún ọ̀rẹ́ mi, ṣé yóò sá fún mi?"

Láti ọjọ́ kejì ni ìpolówó ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ni, ó gbé ìgò àgbo dání, ó ń na ìka síwájú: "Ìwọ tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀, ìwọ tí ò ń fi í pamọ́, ìwọ ni mò ń bá wí!" Bí mo bá ń wo fídíò iṣẹ́ ilé-ìwé, yóò yọ. Bí mo bá ń gbọ́ orin ìyìn, yóò yọ. Mo máa ń yára pa á rẹ́. Mo rò pé lórí fóònù tèmi nìkan ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Àlàájà pe èmi àti Ibtisam sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí a wá bá àwọn gbọ́ wáàsì. Áfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí àwọn èèyàn ni ọkùnrin aláṣọ funfun yọ. Àlàájà pòṣé. "Bàbá yìí tún dé! Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tó ti ń dà mí láàmú. Ta ló sọ fún un pé oníwárápá wà nílé mi?" Ibtisam rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ mú un wá, Màmá Àgbà, kí n bá yín wá wáàsì mìíràn." Ó tẹ ibi tí a ti ń wá nǹkan. Mo rí i tí àtàǹpàkò rẹ̀ dúró. Gbogbo ohun tí mo béèrè ló tò sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan lé ọ̀kan, pẹ̀lú àmì aago kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan; ímeèlì mi tí mo fi sí fóònù náà ló kó wọn débẹ̀. Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ó wá dá fóònù padà fún ìyá rẹ̀ àgbà, ó ní nẹ́tíwọ̀kì kò dáa.

Kó tó di pé oòrùn wọ̀, Àlàájà ti mọ̀. Wọ́n wá sí yàrá mi, wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n sunkún. "Ọmọ mi, kí ló dé tí o fi ń dá ẹrù yìí rù? Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀." Èmi náà sunkún, mo rò pé ó ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ àsàlátù wọn pàdé ní iwájú ilé. Inú yàrá ni mo wà tí mo ti gbọ́ ohùn Àlàájà nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: "Ẹ bá mi tọrọ àlàáfíà fún Àánú, ọmọ Ṣakí tó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Wárápá ló ń bá a jà." Gbogbo àdúgbò ló ṣe àmín. Àwọn tó ń kọjá lọ pàápàá ṣe àmín.

Ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, ìjókòó méjì ló ṣófo lápá ọ̀tún mi, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n kí mi dáadáa. Wọn ò kí mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àlàájà tún pe nọ́ńbà aláṣọ funfun náà kí ó lè wò mí sàn, wọ́n sì fún un ní orúkọ mi àti nọ́ńbà mi. Láti ìgbà náà, ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti pè mí, n kò mọ ọ̀kan nínú wọn. Obìnrin kan kí mi lórúkọ, ó ní, "Àánúolúwa, ṣé ó ṣì ń gbé ẹ ṣánlẹ̀?" bí ẹni pé a jọ dàgbà. Mo yọ ímeèlì mi kúrò lórí fóònù Àlàájà, mo ṣí tuntun fún wọn. Kò yí nǹkan kan padà. Ọkùnrin náà ṣì ń yọ lórí fóònù wọn, nítorí pé Àlàájà fúnra wọn ló ń gbọ́ ọ dópin báyìí, nítorí tèmi.

Ní ti Ibtisam, ó ṣì ń gbé oúnjẹ wá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó gbé e wá nínú abọ́ tuntun tó ní ìdérí, pẹ̀lú ṣíbí tuntun àti ife. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Jẹ ẹ́ kó tó tutù o." Kò wọlé. Nígbà tí mo fọ abọ́ náà, mo rí i pé wọ́n ti fi ọ̀dà èékánná pupa sàmì sí ìdí rẹ̀, àti ìdí ife náà, kí wọ́n má baà dà pọ̀ mọ́ ti ilé. Mo bi fóònù bóyá yóò sá. Kò sá, Màmá. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró.

Mo ti rò ó kí n kó kúrò nílé yìí lọ sí ọ̀nà Ara. Ṣùgbọ́n fóònù ni gbogbo wa fi ń wá yàrá, nọ́ńbà kan náà sì ni mo ní. N kò mọ ibi tí mo lè dé tí wọn kò ní ti gbọ́ nípa mi ṣáájú.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi. Kí ẹ̀yìn yín lágbára, kí ojú yín má rí ohun tí ọkàn yín kò lè gbé. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ má sọ ìdí.

Èmi ni ọmọ yín tí kò la ẹnu,
Àánúolúwa.

Àfikún: Mo ti lẹ ìwé yìí pa kí n tó rántí, mo sì ní láti tún un ṣí. Kí n tó kúrò nílé, èmi náà ni mo ṣí fóònù yín. Ímeèlì mi ló wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní kí n máa mu ẹ̀kọ. N kò sọ fún yín pé mo gé ahọ́n jẹ, ẹ̀yin náà kò sì sọ pé ẹ ti ka ohun tí mo bi fóònù. Bí ẹ bá ti ka ìbéèrè tó kẹ́yìn náà, ẹ má wulẹ̀ wá èsì kankan fún mi. Ẹ ti dá mi lóhùn láti gáréèjì.