Àgbà Nọ́ọ̀sì Tó Kọ́kọ́ Na Ọwọ́ Rẹ̀ fún Àyẹ̀wò: Ìgbésí Ayé Màmá Nidia Esther Pertuz de Manjarrés (1948–2023)

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ bá wa pé jọ lónìí, ẹbí Manjarrés kí yín. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1948 ni a bí ìyá wa ní Sitionuevo, létí odò Magdalena. Eliécer Pertuz, apẹja, ni baba wọn. Ana Dolores Orozco, tó ń se bollo, ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tí a fi ewé wé, tà lẹ́nu ọ̀nà ilé, ni ìyá wọn. Màmá ni ọmọ kẹta nínú mẹ́fà.

Wọ́n kàwé ní Sitionuevo títí di 1965. Ní 1966, wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Barranquilla láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni Wilfrido Manjarrés, tó ń tún rédíò ṣe, ti rí wọn, tó sì kọ ìwé ìfẹ́ sí wọn. Èsì tó kọ́kọ́ gbà ni: "Àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú ìwé yín. Ẹ lọ tún un kọ." Baba wa tún un kọ. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1973.

Ní 1989, Màmá di olórí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọ tí oṣù wọn kò pé ní Ilé Ìwòsàn Santa Brígida. Ibẹ̀ ni ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fò nínú ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 1994 ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ tó wà nínú àpótí dígí ṣàárẹ̀. Ikùn wọn wú, ara wọn tutù, èémí wọn ń dá dúró. Oògùn tí ń pa kòkòrò kò ran ọ̀kankan wọn. Méjì kú. Nígbà tí Eneida Cantillo, olórí yàrá àyẹ̀wò, fi ẹ̀jẹ̀ wọn sínú àwo kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè hù, ohun tó hù kì í ṣe kòkòrò tí wọ́n ń retí. Ìbátan ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ni. Lára àgbàlagbà, ó lè má ju kí ara máa yún un lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tó kílò kan, tí oúnjẹ rẹ̀ ń gba inú rọ́bà tín-ín-rín wọ iṣan, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí kíndìnrín, sí ojú, sí ọpọlọ.

Dókítà Noguera, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà, ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ló ń gbé e kiri. Ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá tẹ ìka wọn sínú àwo àyẹ̀wò. Àwọn nọ́ọ̀sì fajú ro.

"Ṣé olè ni wá ni, tí ẹ fi fẹ́ gba ìtẹ̀ka wa?" ọ̀kan nínú wọn béèrè.

Màmá ká apá aṣọ wọn sókè. "Tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ń bà á lẹ́rù?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn yóò fi dúró de èsì. Ní ọjọ́ kejì, Keila, ọmọ Yuleima Barrios, ẹnì kẹta nínú àwọn tó ṣàárẹ̀, kò na ẹsẹ̀ mọ́. Gíráàmù ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni ọmọ náà, ìyá rẹ̀ kò sì tíì pé ogún ọdún.

Ní ọjọ́ kẹta, Eneida fa Màmá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Nidia, ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni. Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò."

Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí èékánná náà ti là nítorí omi àti ọṣẹ. Kò dùn wọ́n, wọn kò sì kà á sí.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni mo kọ sórí àwo, mi ò kọ orúkọ. Lọ sinmi nílé, kí o tọ́jú ọwọ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní, "Àwọn ìyá yẹn rò pé wàrà àwọn ló ṣe é. Lánàá ni Yuleima bi mí bóyá torí ẹja tóun jẹ nígbà oyún ni."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ sí yàrá tí àwọn ìyá ti ń fún wàrà. Márùn-ún ni wọ́n bá níbẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni àrùn náà wà," wọ́n ní. "Kì í ṣe wàrà yín, kì í ṣe ohun tí ẹ jẹ. Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni."

Yuleima gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ló máa ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀. "Ìwọ," ó ní. "Ìwọ tí o máa ń kọrin fún un." Ó tún ní: "Kí ló kù tí wọ́n lè ṣe fún un? Sọ ọ́, kí o sì kúrò níwájú mi."

Màmá sọ ọ́. Oògùn kan ló kù, kò sì sí nílé ìwòsàn náà. Baba wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Cartagena, ó sì gbé e dé nínú fìláàsì oníyìnyín. Oògùn náà lágbára, ó lè ba kíndìnrín ọmọ jẹ́, nítorí náà gbogbo ìlédìí ni wọ́n ní láti wọ̀n kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ọmọ náà ń tọ̀. Wọn kò jẹ́ kí Màmá wọlé. Ẹ̀yìn dígí ni Màmá ń dúró sí lójoojúmọ́, pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́, tí wọ́n ń kọ́ nọ́ọ̀sì tuntun tó gbaṣẹ́ wọn.

"Rọra. Díẹ̀díẹ̀. Má wò mí, ọmọ ni kí o wò."

Ní ọjọ́ kẹfà tí oògùn náà bẹ̀rẹ̀, Keila kò tọ̀ láti àárọ̀. Ọ̀sán pọ́n, ìlédìí gbẹ. Dókítà ní tó bá di aago mẹ́rin, òun yóò dá oògùn náà dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo wọn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Màmá kò kúrò lẹ́yìn dígí, wọn kò sì mu omi. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, nọ́ọ̀sì tún wọn ìlédìí. Ó ti fi gíráàmù mẹ́rin wúwo sí i. Yuleima gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè sára dígí kí Màmá lè rí i. Kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Keila lọ sílé. Ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni lónìí.

Màmá lọ sí ilé àwọn ọmọ méjì tó kú. Ilé kan fún wọn ní kọfí, wọ́n sì jọ sunkún. Ilé kejì ti ilẹ̀kùn, wọn kò sì ṣí i títí di òní. A kò dá wọn lẹ́bi.

Wọ́n yọ èékánná náà. Oṣù márùn-ún kọjá kí Màmá tó tún fọwọ́ kan ọmọ. Láti ìgbà náà, kò sí òrùka, kò sí èékánná gígùn ní yàrá yẹn, ìbáà ṣe ọwọ́ dókítà àgbà. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2003, wọ́n sì ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí abúlé etí ọ̀sà títí orúnkún wọn fi kọ̀. Ọmọ ìjọ San Antonio ni wọ́n, wọn kì í pa Máàsì ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ.

Nígbà tí àìsàn dé, Osiris, àkọ́bí wọn, bi wọ́n bóyá kí á fo ọ̀rọ̀ ọdún 1994. Wọ́n ní, "Tẹ́ ẹ bá fò ó, ìtàn ẹlòmíì lẹ kọ yẹn."

Màmá sùn ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 2023. Wọ́n fi ọkọ wọn, Wilfrido, sáyé lọ, àti àwọn ọmọ wọn, Osiris, Yamil àti Arelis, ọmọ-ọmọ méje àti ọmọlójú kan.

Ẹ máa sùn, ìyá wa. Kí Ọlọ́run tó mọ ọmọ tó yè àti ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ yín tẹ́ ibùsùn yín fúnra rẹ̀.