Àwọn Òdo Tí Mo Kọ fún Ìyá Asimina

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, ọdún 2015.
Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀ láti òwúrọ̀. Yìnyín kò tíì kúrò lórí òkè.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Rodanthi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá rẹ tí ẹ jọ ń gbé ní Patras. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ara líle, kí eékún Ìyá má sì dà wọ́n láàmú jù nínú òtútù yìí. Ara tèmi le. Láti ìgbà tí a ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tí a ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, o mọ̀ pé n kì í kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sínú lẹ́tà. Inú ìwé àkọsílẹ̀ tí mo ń tì mọ́ inú àpótí ni mo máa ń kó wọn sí. Èyí kò gba ibẹ̀.

O mọ ìwé ìbéèrè mẹ́tàdínlógún tí a fi ń wọn bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe wúwo tó lára aláìsàn. Èmi ni mo ti ń bi àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn wa láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, tí mo sì ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì, òdo bí kò bá sí àmì àìsàn. Bí àpapọ̀ máàkì bá tó ogún, Dókítà Zisis á dá aláìsàn dúró sí wọ́ọ̀dù. Bí kò bá tó, á fún un ní oògùn, á ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọdé ni dókítà náà lójú mi, ṣùgbọ́n ó fọkàn tán mi. Ó máa ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì tuntun pé ohun tí Evanthia bá ti wọ̀n, kí wọ́n má tún un wọ̀n. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Asimina wá láti abúlé Kastania, abúlé tí wọ́n ti bí mi. Òun ló ń yan búrẹ́dì tí gbogbo wa jẹ dàgbà. Nígbà tí mo bi í nípa oúnjẹ, ó ní òun kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Inú ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde la wà. Èmi náà kò fẹnu kan ẹran láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ òdo. Ó ti rù. Mo ka ìyẹn náà sí ààwẹ̀, mo kọ òdo. Ó ní aago mẹ́ta ìdájí ni ojú òun máa ń là, kò sì ní padà sùn mọ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà wo ni ẹni tó ń yan búrẹ́dì tún fẹ́ jí? Òdo.

Ìbéèrè kẹta ni ti bóyá ayé ti sú ènìyàn débi pé ó ń ro ikú. Ojú mi wà lórí ìwé nígbà tí mo bi í. Ó wá ní, “Evanthia ọmọ mi, kọ èyí tó bá yẹ kí Kristẹni dáhùn.” Mo kọ òdo, mo ṣí ojú ewé kejì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ó gba oògùn, ó wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Láàárọ̀ yìí ni Stamata, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo béèrè Ìyá Asimina lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní ó jọ pé ààwẹ̀ ọdún yìí mú wọn gan-an. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó wọ bàtà sódì.

“Ààwẹ̀ wo? Ọjọ́rú, ọjọ́ tí áńgẹ́lì kí Màríà, ṣebí ṣọ́ọ̀ṣì fúnra ẹ̀ ló ní ká jẹ ẹja. Mo dín panla, mo gún áyù sí i. Àlùfáà jẹ ẹ́ títí irùngbọ̀n ẹ̀ fi ń rùn. Asimina gbé tiẹ̀ fún ológbò. Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí, ẹ tiẹ̀ máa ń wojú èèyàn ṣá?”

Mo ní bóyá iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń rẹ̀ wọ́n. Ó ní wọ́n ti pa ààrò náà tì láti ìgbà Kérésìmesì, nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ Asimina kò gba iṣẹ́ mọ́. Síbẹ̀, Asimina ń jí ní aago mẹ́ta, á lọ jókòó síwájú ààrò tútù. Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ilé ń sun ẹran, kò jẹ níbẹ̀ náà. Ó wá sọ èyí bí ẹni ń ròyìn oore: ní ìjẹta, Asimina kó gbogbo aṣọ tábìlì tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun wá fún òun Stamata, ó ní òun kò ní lò wọ́n mọ́.

Mo lọ yọ fáìlì rẹ̀. Òdo ti oúnjẹ, ti rírù àti ti oorun, méjì-méjì ló yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Àpapọ̀ á wá di méjìlélógún. N kò tíì ka ìbéèrè kẹta, tí mo dáhùn fún un.

Rodanthi, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé bírò tí mo lò ṣì wà lórí tábìlì mi, àti pé kò ṣòro láti sọ òdo di nǹkan mìíràn. Ohun kejì ni pé kí n dákẹ́, kí n wọ̀n ọ́n dáadáa nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹnì kan lè mọ̀ pé mo rò ó. Ẹni tó ń pín ẹrù rẹ̀ lè má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mo ti pinnu. Ní aago mẹ́ta tí iṣẹ́ mi bá parí, màá mú ìwé náà lọ sí ilé Dókítà Zisis, pẹ̀lú àwọn òdo náà bí mo ṣe kọ wọ́n, màá sì jẹ́wọ́ bí mo ṣe kọ wọ́n. Màá bẹ̀ ẹ́ kó wá bẹ́ẹ̀dì fún un lónìí, kó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí Kastania. Bí n kò bá bá a nílé, màá wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin. Màá jókòó ti Ìyá Asimina, màá wo ojú rẹ̀, màá bi í ní ìbéèrè kẹta, n kò sì ní bá a dáhùn. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta lù.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìwọ àti ilé rẹ. Kí ó fún Ìyá ní oorun àsùnjí, kí ó sì dáàbò bo gbogbo ẹni tó fi ara rẹ̀ lé wa lọ́wọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́,
Evanthia.

Àfikún: Bí o bá ń fèsì, jọ̀wọ́ má sọ pé kí n má dá ara mi lẹ́bi. Sọ fún mi bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ìwọ náà rí.