Sàréè Tó Wà Láàárín Pálọ̀

Èmi, Rúùtù Ṣìkẹ́mi Olúsànyà, opó Jòsáyà Olúsànyà ti Ìpẹ̀rú Rẹ́mọ, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, inú sì ń bí mi. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ̀dé àti Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, ẹ̀yin ni mo fi ṣe alámòójútó ogún mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹkún yí i padà.

1. Oko kòkó tó wà ní Ìpara àti gbogbo ewúrẹ́ mi di ti Lásúnkànmí, ọmọ mi ọkùnrin. Bó ti wù kó ya ọ̀lẹ tó, kò fọwọ́ kan sàréè bàbá rẹ̀ rí.

2. Àga gígùn tó wà ní pálọ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá níwájú ilé.

Kí ẹ lè mọ ìdí rẹ̀: Adérónkẹ́, ọmọ mi obìnrin, lọ kọ́ iṣẹ́ ṣíṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ní Èkó. Olùkọ́ wọn ní kí kálukú tún pálọ̀ ilé wọn ṣe, kí ó sì ya fọ́tò rẹ̀ wá. Mo lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ní Ṣàgámù. Kí n tó dé, ó ti pe bíríkìlà, wọ́n ti fọ́ sàréè bàbá rẹ̀ dọ́gba ilẹ̀, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e, wọ́n sì gbé àga gígùn náà lé e lórí. Ó ní sàréè náà ń dí àlejò lọ́nà. Ọkọ mi tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà ló wá ń dí ọ̀nà. Ipò kìíní ló gbà ní kíláàsì wọn, lórí àyà bàbá rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo dá owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró, ó sì padà wálé láì gba ìwé ẹ̀rí. Ó dùn mọ́ mi, mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé ó dùn mọ́ mi.

3. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi di ti Hàbíbátù, aládùúgbò mi, tó jókòó tì mí nígbà tí mo ń sunkún. Adérónkẹ́ ti ń fojú sí i láti kékeré, orí rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rán kọ́tìnnì. Kò ní rí i gbà.

4. Ilé mi tí mo ń gbé ní Ìpẹ̀rú di ti Adérónkẹ́. Àmọ́ àárín pálọ̀ náà ni kí ẹ sin mí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Kí ẹ mọ sàréè àwa méjèèjì ga dé orúnkún. Kò gbọdọ̀ fọ́ ọ, kò gbọdọ̀ bò ó, kò sì gbọdọ̀ ta ilé náà. Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun.

5. Owó tí àwọn ayálégbé ń san ní ilé mi tó wà ní Ìlíṣàn ni kí ẹ fi rán Adérónkẹ́ padà sí ilé-ẹ̀kọ́ títí yóò fi parí. Ẹ má rò pé mo ti dárí jì í. Pálọ̀ tí òkú méjì wà láàárín rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ dé ìdajì. Kó kọ́ ọ tán, kó wá tò ó yí wa ká, kó sì ya fọ́tò rẹ̀ lọ fún olùkọ́ rẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìpẹ̀rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1984.

Rúùtù Ṣìkẹ́mi Olúsànyà

Ojú wa ló ṣe:
Tàjúdéènì Bẹ̀llò, oníṣòwò obì, Ṣàgámù
Àbígẹ́ẹ̀lì Ọláníyọnu, olùkọ́, Ìkẹ́nnẹ́