Màmá Fọwọ́kàn-án: Ìyá Tó Kọ́ Ẹ̀rọ Ní Sùúrù

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 1951, nínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún aago ṣe, ni wọ́n bí ìyá àti ìyá àgbà ọ̀wọ́n tí ẹ̀yin èèyàn rere péjọ nítorí wọn lónìí. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ni atúnaagoṣe tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ìyá wọn ni aránṣọ tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ìró aago mẹ́tàlélógójì ni ọmọ tuntun náà kọ́kọ́ gbọ́ láyé, kò sì sí méjì nínú wọn tí ohùn wọn ṣọ̀kan. Ìdí nìyí tí ìdílé kò fi lè sọ wákàtí tí wọ́n bí Màmá gan-an. Agbẹ̀bí kọ aago méje sílẹ̀. Bàbá ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Ìyá ọmọ ní òun lòun bímọ, aago mẹ́fà ni, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Bàbá atúnaagoṣe ní àṣà kan. Tí wọ́n bá tún aago ṣe tán, wọn kì í dá a padà fún ẹni tó ni ín lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á gbé e sórí tábìlì, wọ́n á bu omi kún kọ́ọ̀pù, wọ́n á sì rọra mu ún títí yóò fi tán, kí wọ́n tó gbé aago náà sétí. Àwọn oníbàárà tó ń kánjú a máa kùn pé òùngbẹ ló ń ṣe bàbá yìí, kì í ṣe iṣẹ́. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo a máa jókòó sábẹ́ tábìlì, òun náà ló sì ń gba kọ́ọ̀pù yẹn lọ fọ̀.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957, wọ́n sì parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1969. Ní ọdún 1970, wọ́n lọ kọ́ ìwé títẹ̀. Nígbà ìdánwò àṣekágbá, wọ́n tẹ ojú ìwé mẹ́ta láìṣi lẹ́tà kan ṣoṣo. Kò sí irú rẹ̀ rí nílé ẹ̀kọ́ náà. Àfi pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ kọ́ ni olùkọ́ ní kí wọ́n tẹ̀. Ìlànà ìdánwò ni wọ́n tẹ̀, látòkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ibi tí wọ́n ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ìlànà. Olùkọ́ wò ó, ó wò wọ́n, ó fún wọn ní máàkì tó pé.

Ní ọdún 1971, ilé ìwòsàn kan gbà wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, kí wọ́n fi di àyè atẹ̀wé kan tó lọ bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà gba ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ilé ìwòsàn yìí ni kápẹ́ńtà kan ti wá ṣàtúnṣe ilẹ̀kùn yàrá àkọsílẹ̀ ní ọdún 1975. Ilẹ̀kùn náà tún bàjẹ́. Ó padà wá. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún láàrin oṣù kan, Màmá fúnra wọn bẹ̀rẹ̀, wọ́n yẹ ìdè ilẹ̀kùn wò, wọ́n sì rí i pé ẹnì kan ló ń tú ìṣó rẹ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n gbé àga fún kápẹ́ńtà, wọ́n ní kó jókòó kó sọ ohun tó ń wá, kí ilẹ̀kùn lè sinmi. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Ilẹ̀kùn náà kò bàjẹ́ mọ́ títí Màmá fi kúrò níbẹ̀.

Ọdún 1998 ni ilé iṣẹ́ kékeré kan, èèyàn márùn-ún lókè ṣọ́ọ̀bù olóògùn, wá bẹ Màmá pé kí wọ́n wá máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ṣe. Ètò náà dára lóòótọ́. Ojú ìntánẹ́ẹ̀tì ni nọ́ọ̀sì yóò ti ṣí i, yóò tẹ orúkọ aláìsàn, gbogbo ìtàn àìsàn onítọ̀hún yóò sì jáde. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwòsàn kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àṣírí aláìsàn wọn máa gbé ilé onílé. Orí sáfà tiwọn ni wọ́n fẹ́ ẹ sí, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, nínú yàrá tiwọn, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò tiwọn. Nítorí náà èèyàn gbọ́dọ̀ gbéra, kó lọ bá sáfà kọ̀ọ̀kan nílé rẹ̀, kó gbé ètò náà kà á lórí. Ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni iṣẹ́ náà, nínú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ ewé bò.

Ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí Màmá bá wọn lọ, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà jókòó ti sáfà fún ọjọ́ méjì gbáko. Ètò kò dìde. Ó ti bọ́ kóòtù, ó ti bọ́ bàtà, ó kù díẹ̀ kó bọ́ iyì. Àwọn nọ́ọ̀sì tó yẹ kí Màmá kọ́ ti ń sùn lórí àga. Màmá ní kó fún àwọn ní ìwé yẹn. Wọ́n gbàdúrà ráńpẹ́, wọ́n tẹ ìgbésẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta bó ṣe wà nínú ìwé, bí ẹni tó ń tẹ ìlànà ìdánwò. Ètò dìde. Láti ọjọ́ yẹn, ibikíbi tí sáfà bá ti ń ṣagídí, gbólóhùn kan ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: ẹ pe Màmá wá fọwọ́ kàn án. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ wọn lórí nìyẹn.

Láàrin ọdún 1999 sí 2005, Màmá fọwọ́ kan sáfà ilé ìwòsàn méjìléláàádọ́fà. Ó yani lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Ìwé kan náà, ìgbésẹ̀ kan náà: tí ẹlòmíràn bá ṣe é, ìgbésẹ̀ kọkànlélógójì ni yóò ti kọsẹ̀, tí Màmá bá ṣe é, yóò lọ geere. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fara wé wọn. Wọ́n bọ́ bàtà, bí Màmá ṣe máa ń bọ́ tiwọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba irú àdúrà kan náà. Ọ̀kan tiẹ̀ yá gèlè Màmá, ó sì wé e jókòó síwájú sáfà, pẹ̀lú irùngbọ̀n. Sáfà kò dá a lóhùn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2005, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá kápẹ́ńtà. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀, ó sì so ahọ́n. Dókítà ní Bàbá nílò ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan náà, ilé iṣẹ́ ní ogójì ilé ìwòsàn ló ń dúró de ọwọ́ Màmá. Màmá wo báàgì ìrìnàjò wọn, wọ́n wo ibùsùn, wọ́n sì pinnu pé àwọn yóò kọ ètò kékeré kan tí yóò máa ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta fúnra rẹ̀. Oníbàárà yóò tẹ ìlà kan ṣoṣo, yóò sì káwọ́ gbera. Tó bá ṣiṣẹ́, Màmá yóò jókòó ti ọkọ wọn. Tí kò bá ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó kù ju kí wọ́n gbé báàgì.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi kọ ọ́, lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá, pẹ̀lú sáfà àlòkù kan tó ń hó bí ìkòkò lábẹ́ fèrèsé. Wọ́n tẹ ìlà kan ṣoṣo yẹn. Ó sáré títí dé ìgbésẹ̀ ogójì. Ní ìkọkànlélógójì, ó ṣubú. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún ṣubú. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, ó dìde. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ ti yanjú, ọwọ́ Màmá ni, ẹ̀rọ kò sì lọ́wọ́. Màmá jẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ wọn lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ẹ̀rù ba àwọn gidigidi lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n tún jẹ́wọ́ pé inú àwọn dùn díẹ̀ sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, Màmá tún ń fi ọwọ́ ṣe é, kí wọ́n lè wá ibi tí àṣìṣe wà. Bàbá ń wò wọ́n. Bàbá kò tíì sọ odidi gbólóhùn kan láti oṣù kẹta. Màmá tẹ ìgbésẹ̀ ogójì, wọ́n ti ń sáré tẹ ìkọkànlélógójì nítorí àárẹ̀, ni ohùn kan bá jáde látorí ibùsùn.

“Omi ńkọ́?”

Màmá fò dìde. Wọ́n bu omi wá, wọ́n gbé Bàbá lórí sókè, wọ́n gbé kọ́ọ̀pù sí wọn lẹ́nu. Bàbá di ẹnu pinpin. Wọ́n fi ọwọ́ òsì ti kọ́ọ̀pù padà, wọ́n nà án sí Màmá.

“Ìwọ. O máa ń mu omi.”

Nígbà tí Màmá bojú wẹ̀yìn, ìgbésẹ̀ kọkànlélógójì ti ṣubú fún àwọn náà, lábẹ́ ọwọ́ wọn tí gbogbo ayé ń yìn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yé wọn. Ní ìgbésẹ̀ ogójì ni wọ́n máa ń jí apá tó ń tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀. Yóò dáhùn pé òun ti jí, bíi gbogbo wa láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dìde. Àwọn tó ń kánjú á kan ilẹ̀kùn, kò ní í sẹ́ni tí yóò ṣí i. Màmá nìkan ló ń dìde lọ mu omi níbẹ̀, kọ́ọ̀pù kan, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó padà. Ọdún mẹ́fà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi wo bàtà, àdúrà àti gèlè. Kò sẹ́ni tó ka omi sí iṣẹ́, Màmá gan-an kò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kápẹ́ńtà tó mọ̀ pé gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ igi gbọ́dọ̀ gbẹ kí èèyàn tó jókòó lórí àga nìkan ló rí i. Bàbá atúnaagoṣe ti kú fún ogún ọdún nígbà náà, síbẹ̀ omi wọn ló ń gbé ilé ìwòsàn méjìléláàádọ́fà ró.

Màmá kọ́ ètò náà ní sùúrù. Wọ́n ní kó máa kan ilẹ̀kùn, kó dúró, kó tún kàn án, títí ẹni tó wà nínú ilé yóò fi dáhùn. Nígbà tó bá ń dúró, ọ̀rọ̀ yìí yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi díẹ̀. Mo ṣì ń kan ilẹ̀kùn.” Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, yóò kọ ọ́ pé: “Ó ti jókòó dáadáa. Ẹ máa lọ sílé.”

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní oṣù kejì ọdún 2006, ilé ìwòsàn ọmọdé kan ń kó lọ sí ilé tuntun. Ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí ló kù. Ó pe Màmá lórí fóònù, ó ní ìbọ̀wọ́ àti bándéèjì lòun mọ̀ ní tòun. Báàgì Màmá wà lábẹ́ tábìlì, wọ́n ti dì í tán. Wọ́n ka ìlà kan ṣoṣo náà fún un, ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo nǹkan sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà akọ̀wé fẹjọ́ sùn pé ẹ̀rọ ní kóun mu omi. Màmá ní kó mu ún. Ó mu ún. Bàbá ń ka ìṣẹ́jú sókè lórí ibùsùn. Ó di ìṣẹ́jú mọ́kànlá, iṣẹ́ tó ń gba ọjọ́ méjì parí, akọ̀wé sì ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn náà pẹ̀lú ohùn ẹni tó wà nílé ìjọsìn. Àwọn ọmọ igba àti mẹ́rìnlá, pẹ̀lú gbogbo ìtàn àìsàn wọn, wà níbẹ̀ pé.

Màmá gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n kọjú sí Bàbá.

“Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.”

Wọ́n sì tú báàgì náà. Oṣù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni Màmá fi jókòó ti ọkọ wọn lẹ́yìn èyí, títí Bàbá fi sùn ní oṣù kẹfà ọdún 2011. Ìdílé kà á lẹ́ẹ̀mejì: oṣù kan fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Nínú ìgbàgbọ́, Màmá dúró ṣinṣin. Fún ogójì ọdún ni wọ́n ń dé ilé ìjọsìn ṣáájú ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́. Ní ti iṣẹ́ ìlú, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń kọ́ àwọn opó ní kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé àdúgbò, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú òfin kan: ẹni tó bá ti ń kánjú, kó lọ bu omi wá fún gbogbo kíláàsì.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àárẹ̀ gbé Màmá dé ilé ìwòsàn kan tí wọn kò dé rí. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù, sáfà àwọn bàjẹ́, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ètò sórí tuntun ni. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó pòṣé, ó ní ẹni tó kọ nǹkan yìí kò níṣẹ́ ṣe, ó ní kí àwọn mu omi. Àwọn ọmọ Màmá la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Màmá fi ojú pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní, “Ẹ mu ún, ọmọ mi.” Nọ́ọ̀sì mu ún. Orúkọ Màmá ni orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ sínú sáfà tuntun náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, Màmá béèrè omi. Wọ́n rọra mu kọ́ọ̀pù náà tán, wọ́n gbé e fún àbígbẹ̀yìn wọn kó lọ fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi etí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ aago. Kí ó tó padà dé, ilẹ̀kùn ti ṣí fún wọn. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sáyé ni ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, òṣèré orí ìtàgé tí Màmá máa ń bẹ̀ pé kó rẹ ohùn sílẹ̀, àti awọnlẹ̀, ọmọ ọmọ méje, àrọ́mọdọ́mọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, àti ẹgbàá sáfà ó dín díẹ̀, nínú yàrá tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ̀ rí, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì ń dúró.

Màmá Fọwọ́kàn-án, iṣẹ́ yín ti jókòó dáadáa. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ sùn re o, ìyá rere.