Lójú Tèmi, Tíntín Ò Tíì Rìn

Ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀, mo kí ọ kú ọ̀sán, mo kí ọ kú alẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, torí mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa bá ọ. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń wú tí o bá dúró pẹ́ ti lọ sílẹ̀? Ṣé ọ̀gá rẹ obìnrin wà, ṣé ọmọ rẹ̀ tí o ń tọ́jú ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣe iṣẹ́ kí ẹlòmíì wá jẹ èrè rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ìlera rẹ tán síbi iṣẹ́, kò sì ní jẹ́ kí ojú ti èmi tí mo bí ọ. Dákun ṣe àmín níbi tí o ti ń kà á, má kàn fi ojú kọjá lára rẹ̀.

Wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà, kò bàjẹ́, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sínú agolo tí télọ̀ ń kó bọ́tìnnì sí. Mo ní ìdí mi, màá sọ ọ́ tí mo bá débẹ̀. Bébà tí télọ̀ fi ń gé àwòṣe aṣọ ni mo fi kọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé ihò apá sí igun rẹ̀ kan. Dẹ́rẹ́bà tó ń ná ọ̀nà yín ló máa mú un wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, mò ń bá a ká etí aṣọ, mò ń bá a rán bọ́tìnnì, àmọ́ èyí tó ní ojú mẹ́rin ti ń fìyà jẹ ojú mi. Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ni Tíntín ọmọ rẹ máa ń wà, láàárín àjákù aṣọ. Télọ̀ ò lọ́rọ̀ lẹ́nu, o mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ tìrẹ kì í ṣe tíntín mọ́ o. Nígbà tí o gbé e lé mi lọ́wọ́ ní ọmọ oṣù mẹ́rin, ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé e. Ní báyìí, tí mo bá fẹ́ gbé e, mo kọ́kọ́ ń mí sínú ni.

Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ káàdì ilé ìwòsàn. O rántí pé àpótí kéékèèké ló kún inú rẹ̀: tó bá pé oṣù báyìí, kí ọmọ máa ṣe báyìí, kí a sì fi máàkì síbẹ̀ tó bá ti ṣe é. Méjì àkọ́kọ́, ìwọ lo máàkì wọn, ti ẹ̀rín àti ti kí ó gbé orí dúró, bírò aláwọ̀ búlúù ni. Láti ibẹ̀ lọ, dúdú ni gbogbo ẹ̀, bírò tèmi.

Èmi rò pé ìdánwò ìjọba ni. Lọ́jọ́ tó pé oṣù mẹ́fà gẹ́lẹ́, káàdì ní ó yẹ kó ti máa dá jókòó. Kò jókòó, ọwọ́ ọ̀tún ló kàn ń ṣubú sí. Àyà mi já, mo ní wọ́n ti máa yọ orúkọ ọmọ yìí kúrò nínú ìwé. Mo bá to ìdì aṣọ yí i ká, ìdì aṣọ iléèwé níwájú, ìdì kọ́tìnnì lẹ́yìn, ó jókòó bí ọ̀gá àgbà, mo fi máàkì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì mo lọ jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì pé aṣọ ló gbé ọmọ dúró, kí wọ́n jọ̀ọ́ má fìyà jẹ ẹ́, èmi ni mo jẹ̀bi. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìdánwò, ó ní ìyá ọmọ ni wọ́n tẹ káàdì náà fún, kí ó lè máa fi wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Mo ní ó dáa. Mo kó ẹrù mi.

Nígbà tó di oṣù mẹ́jọ, o pè wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù, tòun ti àwòrán rẹ. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, o dákẹ́, ẹnu rẹ ṣí sílẹ̀, ojú rẹ le, o ò mira. Mo rò pé ohun tí mo sọ nípa bàbá ọmọ ló bí ọ nínú, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ò wọlé mọ́ láti ìgbà tí oyún ti hàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ọ́. Mo ní má bínú, ẹnu mi ló yọ̀, mo ní mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé. O ò dáhùn, mo tún kúnlẹ̀. Télọ̀ ló wá sọ fún mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ tipẹ́, pé àwòrán ni mò ń kúnlẹ̀ fún. Nígbà tí àwòrán náà kú pátápátá, Tíntín gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo iwájú, ó tún wo ẹ̀yìn, ó gbé e sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ìwọ ló ń wá. Àpótí kan wà fún ìyẹn lórí káàdì, wọ́n ní kí ọmọ máa wá ohun tó bá kúrò lójú rẹ̀. Mo fi máàkì síbẹ̀.

Ti kó máa juwọ́, kíá ló mọ ìyẹn, torí pé tí o bá fẹ́ pa fóònù, o máa ń juwọ́ sí i. Fọ́tò rẹ wà lára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì wa. Tí mo bá gbé e dúró níwájú rẹ̀ tí mo ní ìyá rẹ nìyí, kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní sunkún, á kàn juwọ́ ó dàbọ̀ sí ọ. Kò mọ nǹkan mìíràn tí wọ́n ń ṣe sí ọ.

Ọ̀rọ̀ tí kò dùn ún sọ ló kàn báyìí. Káàdì ní tó bá di oṣù mẹ́sàn-án, kí ọmọ máa bẹ̀rù ẹni tí kò mọ̀. Tíntín ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Oníbàárà wọlé, ó na ọwọ́ sí i. Ọkùnrin tó ń wá ka mítà iná wọlé, ó fẹ́ kó gbé òun. Mo bi nọ́ọ̀sì pé àbí ọmọ yìí ò gbọ́n ni, ó ní kí n ní sùúrù. Ó ku díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́wàá nígbà tí ọ̀gá rẹ yọ̀ǹda ọjọ́ kan fún ọ. O dé ní aago méjìlá, ara rẹ ń ta sánsán, o na ọwọ́ sí ọmọ rẹ. Àwa méjèèjì la jọ wà níbẹ̀. Ó figbe ta débi pé télọ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ó ki ojú bọ ọrùn mi, ó di aṣọ mi mú, kò jẹ́ kí o fọwọ́ kan òun. O ní oorun ló ń kùn ún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, oorun ni. O lọ ní aago mẹ́rin kí mọ́tò tó tán lójú ọ̀nà.

Kì í ṣe oorun, ọmọ mi. Nígbà tí mo gbé káàdì lọ, nọ́ọ̀sì bi mí pé ta ni ó bẹ̀rù. Mo ní àlejò kan ló wá láti ìlú ńlá. Ó ní ó dáa gan-an, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí n fi máàkì síbẹ̀. Mi ò sọ èyí kí n fi bà ọ́ nínú jẹ́. Rárá, irọ́ ni mo pa yẹn, mo fẹ́ kó dùn ọ́ díẹ̀, torí ó ń dun èmi náà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá o pè, inú rẹ ń dùn, o ní ọmọ ọ̀gá rẹ ti rìn. O ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta, láti ẹnu ilẹ̀kùn kíṣìnnì dé ìdí fíríìjì. O ní o ò sọ fún ìyá rẹ̀, pé gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀, ẹ kì í sọ ọ́, ẹ máa ń jẹ́ kí ìyá rò pé ojú òun ló kọ́kọ́ rí i. O ní o gbé ọmọ náà ka orí àga títí di ìrọ̀lẹ́ kó má baà tún rìn, ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tó bọ́ bàtà tán, o wá gbé e sílẹ̀. Ọmọ rìn, ìyá sunkún, ó dì mọ́ ọ, ó fún ọ ní báàgì rẹ̀ kan tí kò gbé mọ́. O ní ṣé mo rí i pé ènìyàn dáadáa ni. Mo ní mo rí i. Mo bá ọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo da oúnjẹ mi padà sínú ìkòkò.

Inú bí mi. Mi ò bínú sí ọ̀gá rẹ, kò ṣẹ̀ mí, obìnrin tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lòun náà. Ìwọ ni mo bínú sí, pé o mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ de obìnrin mìíràn. Lẹ́yìn náà mo bínú sí ara mi, èyí ló sì pọ̀ jù, torí èmi ni mo gba ọmọ lẹ́nu ọmú rẹ, èmi ni mo ní máa lọ, mọ́tò ń dúró, irú iṣẹ́ yìí ò wọ́pọ̀. O ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, mo ní tó o bá dénú mọ́tò kí o sun ìyókù.

Ọjọ́bọ̀ ló wá ṣẹlẹ̀. Mò ń rán bọ́tìnnì kóòtù kan, Tíntín di ẹsẹ̀ ẹ̀rọ télọ̀ mú, ó dìde dúró bó ṣe máa ń ṣe. Mo rí i tó jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ti tọ́ ọmọ mẹ́ta, mo mọ bí èjìká wọn ṣe máa ń rí tí wọ́n bá fẹ́ gbéra. Kíá ni mo kọjú sí ògiri, mo tún dijú kó lè dájú. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́ tó jókòó gbì, mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i. Fọkàn balẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Télọ̀ nìkan ló rí i, télọ̀ kì í sì í ṣe ẹbí wa. Ó fi tépù wọn ibẹ̀, ó ní íǹṣì mẹ́rìndínlógún, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà síbi tó ti gbéra àti ibi tó dé, ó rò pé inú mi máa dùn. Mo fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní ta ni òun fẹ́ sọ fún.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn mi ni Tíntín wà. Mò ń pọ̀n ọ́n rán bọ́tìnnì, mò ń pọ̀n ọ́n gbálẹ̀, tí mo bá sọ̀ ọ́ kí n fi nù ún, mo máa ń fi itan mi méjèèjì sé e mọ́. Kò fẹ́ ẹ rárá, ó ń fi ẹsẹ̀ ta mí níhà. Ìdí nìyẹn tí mo fi wé fóònù mọ́ inú aṣọ. Tí o bá pè, wàá ní kí n kọjú rẹ̀ sí ọmọ, ọmọ lè wá rìn, á sì di pé inú fóònù lo ti rí i. Èmi ò gbà pé ẹni tó rí nǹkan nínú fóònù rí i. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún lè lọ nígbà tó bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ẹsẹ̀ yẹn á wá wà lókè lójú tìẹ títí ayé.

Lánàá nọ́ọ̀sì bi mí pé ṣé ó ti ń rìn. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀, ọmọ tí mò ń gbé kiri. Mo ní ìyá rẹ̀ ló máa sọ. Ó wò mí, ó wo ọmọ lẹ́yìn mi, ó ní tí mo bá ń dì í mọ́ra báyìí, màá dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, kí n jẹ́ kó máa ṣe bó ṣe fẹ́. Mo gbọ́ ohun tó wí. Àpótí yẹn ṣì ṣófo, mo sì ti di káàdì mọ́ lẹ́tà yìí kí o lè mú un bọ̀, tòun ti bírò rẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ ò pọ̀. Mo fẹ́ owó bàtà ọmọ. Má fi èyí tí ọmọ ọ̀gá rẹ ò wọ̀ mọ́ ránṣẹ́, àwọn méjì tí o ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ni wọ́n mọ̀, titun ni mo fẹ́. Fi owó òògùn ìpara kún un fún ìbàdí mi. Àmọ́ tí owó ọwọ́ rẹ ò bá ju owó mọ́tò lọ, jẹ́ kí bàtà àti ìbàdí dúró ná, kí o wọ mọ́tò. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ara ìyá rẹ ò yá, kì í ṣe irọ́. Tàbí kí o sọ òótọ́ fún un, òun tó sunkún, ó yẹ kó yé e. Má ṣe lo lọ́fínńdà bọ̀. Tí ọmọ bá sunkún nígbà tó bá rí ọ, má sọ pé oorun ni, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí o dúró dè é.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà, á ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ tó wà lọ́wọ́ rẹ, á ṣọ́ tìrẹ tó wà lẹ́yìn mi. Wàá jẹun ọmọ. Ọmọ rẹ á mọ̀ ọ́ láàárín èrò, á sì sáré wá bá ọ. Àmín.

Sátidé tó ń bọ̀ ni mo lè pọ̀n ọ́n dé, ẹ̀yìn mi ò lè kọjá ibẹ̀, ọmọ náà ò sì ní gbà. Màá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù títí mọ́tò tó gbẹ̀yìn á fi dé. Tí o bá sọ̀ kalẹ̀, màá tú u sílẹ̀ fún ọ, màá sì kọjú sí ògiri. Tí mọ́tò bá dé tí o ò sí nínú rẹ̀, màá tú u sílẹ̀ náà ni. Màá wò ó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ