Àpótí Kékeré Tó Jí Yèyé

Bọ́lárìnwá, àbúrò mi,

Mo ti lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìwọ lo máa gba orin ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní aago mẹ́rin, nítorí náà fara balẹ̀ ka ìwé yìí.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe tan míksà, tí mo ní kí n dán máíkì wò, sípíkà han gooro. Yèyé fò dìde lórí ẹní, wọ́n ní Jésù ti dé! Ìwọ nìkan ni ò jí. Ṣé etí yẹn náà lo fẹ́ fi gbọ́ orin?

Ihò máíkì lára míksà lo ki wáyà àpótí kékeré tó ń fún ohùn máíkì lágbára bọ̀. Ihò yẹn náà ń fún ohùn lágbára! Bí ọbẹ̀ ọjọ́ Àìkú ló rí: mo fi iyọ̀ sí i, Yèyé tún fi iyọ̀ sí i, ajá gan-an kọ̀ ọ́.

Ihò láìnì, èyí tí kì í fi agbára kún ohùn, ni kí o ki í bọ̀. Yí ohùn wálẹ̀ pátápátá kí o tó fọwọ́ kan wáyà, kí o wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Sípíkà kan ṣoṣo la ní o!

Ọbẹ̀ wà lórí ààrò. Mo ti fi iyọ̀ sí i. Tètè jẹun kí Yèyé tó débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Phebe